Alága Tó Fi Bírò Pupa Pa "A" Rẹ́

Ẹni tó bá ni àga là ń pè ní alága, ṣùgbọ́n Alága tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn ní àga rárá. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n fi í ṣe olórí Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ fún Ìtúnṣe Adágún, káfíńtà ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè. Ó ní kó gé ìwọ̀n ìka mẹ́rin kúrò lẹ́sẹ̀ gbogbo àga yàrá ìpàdé, àfi tòun nìkan. Káfíńtà béèrè ìdí. Alága wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò mọ̀wé.

Ó ní, "Bí orí gbogbo wa bá dọ́gba, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ibi tí ọgbọ́n ti ń bọ̀?"

Nígbà tí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ wá jókòó, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, Alága sì ń wò wọ́n láti òkè bí ẹni tó gun igi tó ń wo adìyẹ nílẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú rẹ̀ jù lọ ni Akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà. Obìnrin tó lé díẹ̀ ní ogójì ọdún ni, ohùn rẹ̀ kò ga, ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ti bá ọ̀gá márùn-ún ṣiṣẹ́ rí, ohun tó sì rí kọ́ lára wọn ni pé ọ̀gá ní í lọ, fáìlì ní í dúró. Etí adágún náà ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń ṣojú àwọn apẹja nínú ìgbìmọ̀. Níbi iṣẹ́, kò pè é ní Ẹ̀gbọ́n, "Apẹja" ló ń kọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ń ṣègbè.

Lórí adágún ọ̀hún ni ẹjọ́ wà. Ogún ọdún gbáko ni iléeṣẹ́ bátìrì kan fi da omi ìdọ̀tí rẹ̀ sínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà ti kógbá sílé, àwọn tó ni ín sì ti lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ṣùgbọ́n òjé àti májèlé tí wọ́n dà síbẹ̀ kò bá wọn lọ. Ó rọ̀ sísàlẹ̀ omi, ó di ẹrẹ̀ dúdú. Ẹja ń dín kù, ara sì ń yún àwọn tó bá fi omi náà wẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Òfin rẹ̀ ṣe kedere: kí apẹja, alágbàfọ̀, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó, kí wọ́n gbọ́ ara wọn lágbọ̀ọ́yé, kí wọ́n sì jọ pinnu ohun tí wọn yóò ṣe. "Jọ pinnu" ni òfin wí. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ méjì yìí sọ́kàn, torí Alága kò fi wọ́n sọ́kàn.

Lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́, ó dìde, ó gbọn agbádá, ó wo òkè àjà títí gbogbo ilé fi dákẹ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó bẹ̀rẹ̀, "ó ti pẹ́ tí adágún yìí ti ń sunkún. Ta ló ń sunkún pè? Èmi ni. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé omi kan wà níbì kan tó ń retí mi. Àwọn àgbà sì ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ka ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mẹ́wàá. Wọ́n ti pé."

Igbákejì rẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà lẹ́yìn, pàtẹ́wọ́ títí okùn aago ọwọ́ rẹ̀ fi já.

Lọ́jọ́ kejì, Akọ̀wé tẹ àkọsílẹ̀ ìpàdé, ó gbé e lọ bá Alága. Alága fa bírò pupa yọ. Ìlà àkọ́kọ́ kà báyìí pé: "A bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ní aago mẹ́wàá."

"Ta ni 'a'?" Alága béèrè.

"Ìgbìmọ̀ ni, sà."

"Bí mi ò bá bẹ̀rẹ̀, ṣé ìgbìmọ̀ ì bá bẹ̀rẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Kí wá ni 'a' ń wá níbẹ̀?"

Ó fi bírò gbá a dànù, ó kọ "Mo" sórí rẹ̀. Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn. "A jíròrò" di "Mo jíròrò." "A pinnu" di "Mo pinnu." Nígbà tó kan "A jẹun ọ̀sán," Akọ̀wé rò pé ó máa fi ìyẹn sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀, òun nìkan ló sì jẹun yó lọ́jọ́ náà lóòótọ́. Ibì kan tún wà tí Akọ̀wé ti kọ ọ́ pé, "Òjò a máa pọ̀ lóṣù kẹfà." Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè wa dáadáa, ẹ mọ̀ pé "a" yẹn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Alága pa á rẹ́ pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó di "Òjò mo máa pọ̀ lóṣù kẹfà." Ó fọwọ́ sí ìdí ìwé náà, ó fà á lé e lọ́wọ́.

"Ṣé kí n tún un tẹ̀, sà?"

"Má tún un tẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n rí ìkọ̀wé mi."

Ẹ̀dà méje ni wọ́n ń ṣe lóṣooṣù, tí wọ́n ń fi awọ dídán dì, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹni ńlá ní olú iléeṣẹ́ ìjọba.

Ìpinnu àkọ́kọ́ tí Alága ṣe ni pé kí wọ́n fi ẹfun kun gbogbo òkúta etí adágún. Ó ní omi tí òkúta rẹ̀ bá funfun, ojú á tì í láti dọ̀tí. Ìpinnu kejì ni pé kí wọ́n fa pátákó tí wọ́n kọ "Ẹ Má Wẹ̀ Níbí" sí tu, torí ó ń ba adágún lórúkọ jẹ́. Ní gbogbo ìgbà yìí, Dókítà Ẹrẹ̀ ń gbé fáìlì rẹ̀ wá, ó ń gbé e lọ. Obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ló fi gboyè, ibẹ̀ ló sì ti rí orúkọ yẹn. Ó di oṣù kọkànlá kí wọ́n tó gbà fún un láti sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n lè gbà á lẹ́nu òun nígbàkigbà.

"Májèlé tó wà nísàlẹ̀ adágún yìí sùn ni," ó ní. "Bí a bá dà á rú láìsí ètò, ó máa jí, ó sì máa bá omi lọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bu ẹrẹ̀ yẹ̀ wò níbi méjìlá. Ibi tí kò bá burú, ká da iyanrìn mímọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ibi tó bá burú gan-an nìkan la máa wà, a ó sì gbẹ́ kòtò tí a tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sí fún un."

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé na ọwọ́. "Òótọ́ ló sọ. Láti ẹnu páìpù iléeṣẹ́ yẹn, apá ìlà-oòrùn lomi ń gbá ìdọ̀tí lọ. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ dé àyà èèyàn. Ṣùgbọ́n apá ibi tí koríko gíga wà, ẹrẹ̀ ibẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ibẹ̀ lẹja ń yé sí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

"Ẹja kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀," Alága wí. Bẹ́ẹ̀ni-Sà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ìyá Alágbàfọ̀, tó ti ń fọ aṣọ oníbàárà létí omi náà fún ọgbọ̀n ọdún, béèrè ìbéèrè kan péré. "Ẹrẹ̀ tí ẹ bá kó, níbo lẹ máa dà á sí?"

"Ìyẹn wà nínú kókó kẹsàn-án," Alága wí. "Kókó kẹrin ni mo wà. Ó sì ti tó àkókò oúnjẹ."

Ọjọ́ náà ló kéde ìpinnu ńlá rẹ̀. Ẹ̀rọ yóò wa gbogbo ẹrẹ̀ adágún, láti etí dé etí, láàárín ogójì ọjọ́, torí ọjọ́ kọkànlélógójì ni yóò pé ọdún kan lórí oyè, Mínísítà yóò sì wá. Ní ti ẹrẹ̀, ó dúdú, ilẹ̀ dúdú sì ni ilẹ̀ ọlọ́ràá. Kí wọ́n dà á sí ọgbà òdòdó iléeṣẹ́ ìgbìmọ̀, kí wọ́n sì fi tó kù ṣe ọgbà ilé òun lóore. "Mo ti sọ ìṣòro di òdòdó," ó ní, ó sì dúró kí Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó jókòó. Akọ̀wé kọ ọ́. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti abẹ́ ojú. Ẹ̀gbọ́n kò wò ó.

Ẹ̀rọ dé. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta omi adágún di dúdú bí omi ọgbà mẹ́káníìkì. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹja léfòó. Kì í ṣe mẹ́wàá, kì í ṣe ogún. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, wọ́n á yí síhà kan bí aṣọ funfun tí wọ́n sá sórí omi. Alága yọjú lójú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, ó bo imú.

"Kí nìyẹn?"

"Wọ́n jáde wá kí yín ni, sà," Bẹ́ẹ̀ni-Sà dáhùn.

Alága juwọ́ sí wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó juwọ́ sí wọn lóòótọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, òdòdó iléeṣẹ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n dorí kodò. Lọ́sẹ̀ kẹta, òjò rọ̀. Òkìtì ẹrẹ̀ tó wà lẹ́yìn iléeṣẹ́ ìgbìmọ̀ yọ̀, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó sì bo rọ́ọ̀gì pupa tí wọ́n tẹ́ de Mínísítà. Àwọn alágbàfọ̀ mẹ́fà dé ilé ìwòsàn, apá wọn lé ròrò. Mínísítà gbọ́, ó ní òun ò wá mọ́.

Ilé Alága kò sinmi. Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ní ọgbà ẹ̀fọ́ tó fẹ́ràn bí ọmọ. Gbogbo rẹ̀ ti rọ. Ó bu ilẹ̀ ibẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e lọ bá Dókítà Ẹrẹ̀, ó sì gba èsì rẹ̀ padà wá sílé. Ó tẹ́ ìwé èsì náà síwájú ọkọ rẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ.

"Ta ló ní kí wọ́n da nǹkan yìí sí ọgbà mi?"

Alága wo ìwé náà, ó wo àwo oúnjẹ. "A jọ pinnu rẹ̀ ni," ó ní.

Ọjọ́ tí "a" kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún kan nìyẹn.

"Àwọn wo?" ìyàwó rẹ̀ béèrè. Ó di àpò rẹ̀, ó kọjá sílé àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, lẹ́tà dé láti olú iléeṣẹ́ pé Olùbẹ̀wò kan ń bọ̀ wá wádìí ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n wa gbogbo ẹrẹ̀ adágún. Alága ránṣẹ́ pe Akọ̀wé.

"Ẹ wọlé, Akọ̀wé. Ẹ jókòó. Ẹ ṣe pẹ̀lẹ́, rọ́ọ̀gì ṣì tutù."

Akọ̀wé wẹ̀yìn wò, bóyá àgbàlagbà kan tún tẹ̀ lé òun wọlé. Láti ọjọ́ tó ti mọ ọkùnrin yìí, "ìwọ" ló ń pè é.

Alága ti gbogbo àkọsílẹ̀ ọdún kan síwájú rẹ̀. "Àṣìṣe kékeré kan wà níbẹ̀. Gbogbo ibi tí 'mo' wà, 'a' ló yẹ kó wà. Mo ti kà wọ́n. Igba ó lé mẹ́rìnlá ni. Ẹ bá mi tún un tẹ̀. Àyè igbákejì olùdarí ṣí sílẹ̀ ní olú iléeṣẹ́, orúkọ yín ló sì wà lọ́kàn mi." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yàrá tí wọ́n ń kó ìwé gbó sí náà nílò akọ̀wé."

Ohun tí Akọ̀wé ń rò kì í ṣe ipò, kì í sì í ṣe ìwé gbó. Ó ń rántí òwúrọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tó gba etí omi kọjá. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dojú dé sórí iyanrìn. Ẹ̀gbọ́n jókòó tì í, ó ń ká àwọ̀n tí kò lò mọ́.

"Ìwọ lo tẹ ìwé tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ wá?" ẹ̀gbọ́n bi í.

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa," ó ní, ó sì ń ká àwọ̀n rẹ̀ lọ. Ì bá bú u, ì bá sàn.

Akọ̀wé gbé ojú sókè. "Sà, ẹ̀dà méje ti wà ní olú iléeṣẹ́, pẹ̀lú ìkọ̀wé yín. N kò lè tún un tẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni òfin là sílẹ̀: bí ìgbìmọ̀ bá jókòó, tí wọ́n sì jọ gbà pé àkọsílẹ̀ kò tọ́, a lè ṣàtúnṣe rẹ̀."

"Wọ́n á jọ gbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Gbogbo wọn."

Ẹ ò rí ìpàdé bí èyí tí Alága pè lọ́jọ́bọ̀ yẹn rí. Wọ́n ra àga tuntun, tìmùtìmù wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Alága jókòó sórí àga tí káfíńtà ti gé, ó ń wo àwọn ènìyàn láti ìsàlẹ̀. Ó kí Ìyá Alágbàfọ̀ ní "ìyá wa," ó kí Apẹja ní "ọ̀gágun orí omi," ó fúnra rẹ̀ bu omi fún Dókítà Ẹrẹ̀.

"Kí ni ẹnì kan?" ó ní, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹnì kan kò tó nǹkan. Ta ni mí láti dá pinnu? Gbogbo ọgbọ́n tí mo lò, ẹ̀yin lẹ yá mi. Ó ń dùn mí wọra pé àkọsílẹ̀ fi ògo yín fún èmi nìkan. Mo fẹ́ dá a padà fún yín."

Ìyá Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọmọ tí ẹ̀yin nìkan bí, tí ẹ̀yin nìkan sọ lórúkọ, tí ẹ gbé jó yí gbogbo ìlú ká. Ó wá yàgbẹ́ sí yín lára tán, ẹ wá ń wá bàbá rẹ̀ kiri."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ìdí tó fi burú fún Alága nìyẹn.

Wọ́n jíròrò ọ̀rọ̀ náà fún wákàtí kan àtààbọ̀. Dókítà Ẹrẹ̀ ní òun kò fẹ́ gbẹ̀san, ṣùgbọ́n bí àkọsílẹ̀ bá purọ́, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ ohun tó ba adágún jẹ́, wọ́n á sì tún ṣe é. Apẹja ní ká bi Akọ̀wé bóyá òótọ́ lohun tó kọ. Ó pè é ní Akọ̀wé, kò pè é ní àbúrò.

Akọ̀wé dìde. "Òótọ́ ni. Alága nìkan ló pinnu. Ṣùgbọ́n èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ohun tí Dókítà sọ, mo gbọ́ ohun tí apẹja sọ, mo sì dákẹ́. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Wọ́n dìbò. Ẹni tó bá fẹ́ kí "mo" di "a," kó na ọwọ́. Alága na ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ń wo àjà bí ẹni tó ń wá ibi tí òjò ti ń jò. Ẹni tó bá ní kó wà bó ṣe wà? Gbogbo ọwọ́ yòókù gòkè, ti Bẹ́ẹ̀ni-Sà náà sì tẹ̀ lé wọn díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ti kà wọ́n tán. Ìpinnu àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ náà jọ ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ nìyẹn.

Olùbẹ̀wò dé lọ́jọ́ Ajé. Obìnrin kúkurú kan ni, ó wọ bàtà rọ́bà, ó sì gbé ẹ̀dà aláwọ dídán lọ́wọ́.

"Nígbà tí a pinnu láti wa ẹrẹ̀..." Alága bẹ̀rẹ̀.

"Ojú ìwé kẹtàdínlógójì," Olùbẹ̀wò ní. Ó kà á: "'Mo pinnu láti wa gbogbo ẹrẹ̀. Mo kò gba ìmọ̀ràn.' Ìkọ̀wé ta nìyí?"

"Ẹ̀mí ìṣọ̀kan tó wà láàárín wa..."

"Mo béèrè ìkọ̀wé ni."

"Tèmi ni."

Olùbẹ̀wò ṣí ibòmíràn, ó gbé dígí ojú rẹ̀ sókè, ó tún kà á lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá a lójú. "Níbí yìí, sà, ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ ń rọ òjò. Ṣé òjò tó gbá ẹrẹ̀ wọ ilé yìí náà, ẹ̀yin lẹ rọ̀ ọ́?"

Alága fi bírò pupa rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ agbádá.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, lẹ́tà ìyọnípò dé. Típà wá kó ẹrẹ̀ ọgbà iléeṣẹ́ lọ sí kòtò tí wọ́n tẹ́ ọ̀rá sí. Wọ́n ní ti ilé rẹ̀ máa tó kàn, kó ní sùúrù, ìgbìmọ̀ ń jíròrò rẹ̀. Bó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ báyìí, á máa sọ fún àwọn tó ń gbẹ́rí pé ṣe ni gbogbo wọn pawọ́ pọ̀ dìtẹ̀ mọ́ òun.

Ẹ má ṣe rò pé ìpàdé tó tẹ̀ lé e dùn. Wákàtí márùn-ún ló gbà. Dókítà Ẹrẹ̀ àti Apẹja fa ọ̀rọ̀ títí ohùn wọn fi ha. Ìyá Alágbàfọ̀ bínú jáde lẹ́ẹ̀mejì, ó padà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n rí fẹnu kò lé lórí ni ibi méjìlá tí wọn yóò ti bu ẹrẹ̀ yẹ̀ wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n yí ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n padà, wọ́n tì í sómi. Akọ̀wé bá wọn lọ, ó di ìwé rẹ̀ mú sábẹ́ apá. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti wọ ọkọ̀ kẹ́yìn. Dókítà Ẹrẹ̀ ki páìpù gígùn kan bọ ìsàlẹ̀ omi, ó fà á sókè. Ẹrẹ̀ inú rẹ̀ dúdú lókè, ó sì rí eérú-eérú nísàlẹ̀. Òórùn rẹ̀ lé wọn lójú padà.

"Ọdún mélòó?" Ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Kí wọ́n tó wa ẹrẹ̀ yìí, mo rò pé mẹ́rin ni," Dókítà Ẹrẹ̀ ní. "Ní báyìí, bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, mẹ́wàá. Mẹ́wàá kí ẹja ibẹ̀ tó ṣeé jẹ."

Ẹ̀gbọ́n ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Akọ̀wé rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ṣírò. Ó kọ déètì ọjọ́ náà sí orí ìwé.

Ẹ̀gbọ́n bomi fọ ọwọ́ láti inú kẹ́ẹ̀gì, ó mú àjẹ̀.

"Àbúrò, fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká kọjá sí apá ibi koríko kí oòrùn tó mú."